Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti sin ajá fún iṣẹ́ nígbà tí ajá mìíràn ń kú láìlólúwa?

Mo gé ìbéèrè yìí kúrú díẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ojú mi ti ń ṣú bọ̀ láti ọdún mélòó kan, àwọn dókítà sì ti sọ pé kò ní pẹ́ tí mi ò ní ríran mọ́. Mo ti forúkọ sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ kan tó ń sin ajá afinimọ̀nà fúnra rẹ̀, wọ́n ní kí n máa dúró. Àbúrò mi ọkùnrin máa ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ ní ilé ààbò tí wọ́n ń kó ajá aláìlólúwa sí. Ó ní ohun tí mo fẹ́ ṣe kò dáa, pé gbogbo ọmọ ajá tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ bí fún irú iṣẹ́ yìí ló ń gba àyè ajá kan tí wọ́n máa fún ní abẹ́rẹ́ ikú. Ó ní kí n jẹ́ kí òun bá mi mú ọ̀kan wá láti ibẹ̀, ká wá ẹni tó máa kọ́ ọ. Mi ò fẹ́ kí ojú tèmi di ikú ajá kankan. Kí ni kí n ṣe?"

Ẹ kú ìrọ́jú. Ìbéèrè méjì ló wà nínú lẹ́tà yín, àbúrò yín ló dì wọ́n pọ̀ mọ́ra. Ọ̀kan jẹ mọ́ ẹ̀rí ọkàn: ṣé ó tọ́ kí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ bí ajá sáyé nítorí iṣẹ́, nígbà tí èyí tó ti wà láyé ń ṣòfò? Èkejì jẹ mọ́ títì: ajá wo ni ẹ máa di ìjánu rẹ̀ mú tí ẹ ó fi sọdá láìsí pé ọkọ̀ gbá yín? Àwọn tó ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí sábà máa ń dáhùn ọ̀kan, kí wọ́n wá rò pé àwọn ti dáhùn èkejì. Mo ti kọ́ ajá tí wọ́n sìn fún iṣẹ́, mo ti kọ́ èyí tí wọ́n gbé wá láti ilé ààbò náà, mi ò sì ní ẹ̀gbẹ́ tí mò ń gbè sí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí, kí ẹ má baà máa wá a kiri nínú ọ̀rọ̀ gígùn: fún iṣẹ́ afinimọ̀nà, ẹ má kúrò lórí ìlà àwọn tó ń dúró de ajá ilé ẹ̀kọ́ náà. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tí àbúrò yín sọ ló ṣì sọ, ibi tó ti sọ òótọ́ sì yẹ kó dun àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìṣirò rẹ̀. Ìyà ajá ilé ààbò kì í ṣe àsọdùn. Ní Amẹ́ríkà nìkan, àjọ ASPCA, tó ń dáàbò bo ẹranko, fojú bù ú lọ́dún 2019 pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.1 ajá ló ń wọ ilé ààbò lọ́dún kan, tí wọ́n sì ń pa nǹkan bí 390,000. Ẹni tó bá ti rí ojú ajá tó pẹ́ lẹ́yìn irin kò ní fi àbúrò yín ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ kí ló gbé wọn débẹ̀? Abo ajá tí akọ gùn láìròtẹ́lẹ̀, tí olówó rẹ̀ kò sì mọ ibi tó máa kó ọmọ mẹ́jọ sí. Onílé tó ní òun kò fẹ́ ajá nínú ilé òun. Owó dókítà ẹranko tó ju agbára lọ. Ọmọ ajá tí wọ́n fi ta ọmọdé lọ́rẹ, tó wá dàgbà di gìrìpá. Ọmọ ajá ilé ẹ̀kọ́ afinimọ̀nà kì í sábà sí láàárín wọn, nítorí ilé ẹ̀kọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí ajá rẹ̀ bọ́ sí ìta: bó bá já, bó bá ṣàìsàn, bí ẹni tó gbà á bá kú, ọ̀dọ̀ wọn ló ń padà sí. Bí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ bá ti ilẹ̀kùn lónìí, ajá inú àgò kò ní dín kù nítorí ìyẹn. Ẹni tí ojú rẹ̀ fọ́ nìkan ni yóò jókòó sílé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ àbúrò yín ti wọlé ni ti àwọn tó já. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ lónìí, nǹkan bí ìdajì ọmọ ajá tí wọ́n tọ́ fún iṣẹ́ ló ń dé ìdí iṣẹ́ náà. Nínú àwọn yòókù, òmíràn di ajá tó ń gbóòórùn bọ́ǹbù tàbí oògùn olóró, ọ̀pọ̀ di ajá ilé lásán, ilé kọ̀ọ̀kan tó sì gba ọ̀kan nínú wọn lè jẹ́ ilé tí ajá ilé ààbò kan ìbá wọ̀. Nítorí náà kì í ṣe ajá tó ń ṣiṣẹ́ ló ń gba àyè ẹnikẹ́ni. Èyí tí kò rí iṣẹ́ ṣe ni. Ilé ẹ̀kọ́ tó ń bí rẹpẹtẹ kó tó rí díẹ̀ yàn ní ẹjọ́ láti rò. Èyí tó ń bí níwọ̀nba, tó sì ń rí púpọ̀ nínú rẹ̀ lò, ẹjọ́ tirẹ̀ fúyẹ́.

Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé kì í ṣe ajá tí wọ́n sìn fún un ni iṣẹ́ yìí fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Gerhard Stalling dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Oldenburg ní Jámánì lọ́dún 1916 fún àwọn ọmọ ogun tí ojú wọn fọ́, kò sí ìran ajá kankan tí wọ́n ti ń sìn fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ Guide Dogs for the Blind bẹ̀rẹ̀ ní California lọ́dún 1942. Ọ̀kan nínú àwọn ajá tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, Blondie, ilé tí wọ́n ń kó ajá aláìlólúwa sí ní Pasadena ni wọ́n ti gbà á. Nítorí náà mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé ajá ilé ààbò kò lè ṣe é. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn Blondie ni kí ẹ wò. Lọ́dún 1946, nínú gbogbo ajá tí ilé ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́, èyí tó parí kò tó ọ̀kan nínú mẹ́wàá. Clarence Pfaffenberger, tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, lọ bá John Paul Scott àti John Fuller, àwọn onímọ̀ tó ń wo bí ọmọ ajá ṣe ń dàgbà ní Bar Harbor ní Maine. Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ ni pé láàárín ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkejìlá ni ọmọ ajá ń mọ ohun tó jẹ́ ti ilé ayé rẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tó yẹ kó máa sá fún. Èyí tí kò bá rí èèyàn, tí kò gbọ́ ariwo, tí kò tẹ ilẹ̀ oríṣiríṣi ní àkókò yẹn, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni tó bá a san án padà. Ilé ẹ̀kọ́ náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í yan ìyá àti bàbá, wọ́n ń dán ọmọ wò ní kékeré, wọ́n ń kó wọn fún ìdílé láti tọ́. Nígbà tó fi máa di 1958, nǹkan bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn tí wọ́n tọ́ bẹ́ẹ̀ ló ń parí. Òde òní tó jẹ́ pé ìdajì ni, èrò tèmi ni pé ọkọ̀ ti pọ̀ sí i, a sì ti le ìdánwò sí i. Àìrígbọ́n-ṣe ló bí sísin ajá fún iṣẹ́, kì í ṣe fáàrí.

Kí ló wá dé tí ajá ilé ààbò fi máa ń já níbi iṣẹ́ yìí? Kì í ṣe pé kò gbọ́n. Bí mo bá lọ wo ajá níbẹ̀, mo máa ń mú àwo irin kan dání. Màá jẹ́ kó máa fi imú wá ilẹ̀ kiri, màá wá jẹ́ kí àwo náà já bọ́ lẹ́yìn rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Gbogbo ajá ló ń ta gìrì. Ìyẹn kò burú. Ohun tó tẹ̀ lé e ni mò ń wò. Òmíràn á fò sẹ́yìn, á na ọrùn, á rọra padà wá fi imú kan àwo náà, á gbọn ara nù, ọ̀rọ̀ tán. Òmíràn kò ní wo ibi tí àwo náà wà rárá, àmọ́ etí rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ orí, á máa gba ẹ̀gbẹ́ ògiri rìn, bí mo bá sì na ẹran sí i, kò ní fẹnu kàn án. Ajá kejì yìí lè jẹ́ ajá tó dáa jù fún ẹni tó ń gbé jẹ́jẹ́ nínú ilé tó dákẹ́. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ńlá bá tú afẹ́fẹ́ bíréèkì fìíìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbé e gbà ni yóò fà yín gbà, ẹ ò sì ní mọ̀ pé ẹ ti wà láàárín títì.

Ìdánwò àwo pàápàá ní ibi tó mọ. Àwọn olùṣèwádìí méjì, Emily Weiss àti Gary Greenberg, yẹ irú àwọn ìdánwò wọ̀nyí wò lórí ajá ilé ààbò, wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 1997: ohun tí ajá ṣe lọ́jọ́ ìdánwò kò fi bẹ́ẹ̀ sọ bó ṣe máa ṣe sí nígbà tí wọ́n bá kọ́ ọ tán. Kò yà mí lẹ́nu. Ilé ààbò kún fún ariwo, òórùn àjèjì àti àìsùn. Ajá tó ká kò sí igun, tí àlejò ń sọ pé ìwà rẹ̀ mà tutù o, ó lè jẹ́ pé ìbẹ̀rù ló ti pa á lẹ́nu mọ́. Ó lè gbé ilé yín fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ara rẹ̀ tó wálẹ̀, kí ẹ tó wá mọ irú ẹni tí ẹ gbé wọlé.

Iṣẹ́ afinimọ̀nà tún ní ohun kan tó le ju gbogbo ìyẹn lọ: ajá náà gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí kò yẹ kó gbọ́ràn. Ẹ ní kó máa lọ, ọkọ̀ oníná mànàmáná tí kì í pariwo ń bọ̀, ó gbọ́dọ̀ dúró gbọnin kó kọ̀ fún yín. Ajá tí wọ́n ti lù rí kì í sábà lè kọ̀. Ìyà ti kọ́ ọ pé kó ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe kíá. Ẹ wá fi ti ara kún un. Nǹkan bí ọmọ ọdún méjì ni ajá afinimọ̀nà ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì sábà máa ń fẹ̀yìn tì nígbà tó bá tó ọmọ ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Èyí tí wọ́n mú ní ilé ààbò lè ti tó ọmọ ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó rí i, ẹnikẹ́ni kò sì mọ bàbá rẹ̀. Wọ́n lè ya àwòrán egungun ìbàdí rẹ̀ lónìí. Àwòrán kò lè sọ fún yín pé ojú ajá náà fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú ní ọdún kẹfà, nígbà tó jẹ́ pé àrùn ojú bẹ́ẹ̀ wà tí wọ́n ń jogún, tí ilé ẹ̀kọ́ tó ń sin ajá sì ń yẹ̀ ẹ́ wò lára ìyá àti bàbá kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n gùn.

Ìwà pàápàá ń tẹ̀ lé ìran, kì í kàn án ṣe ara nìkan. Emily Bray àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lọ́dún 2021 lórí 375 ọmọ ajá ọlọ́sẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ń sìn fún iṣẹ́ ìrànwọ́. Wọ́n na ìka sí ibi tí oúnjẹ wà, wọ́n wò ó bóyá ọmọ ajá náà á tẹ̀ lé ìka. Wọ́n bá a sọ̀rọ̀, wọ́n wo bó ṣe pẹ́ tó tó fi ń wo ojú èèyàn. Nínú ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọmọ kan sí èkejì, ìdá tó ju 40 nínú 100 lọ ló jẹ́ ti ìran. Ní 2017, obìnrin yìí kan náà ti ṣe ìwádìí mìíràn ní ilé ẹ̀kọ́ The Seeing Eye lórí àwọn ìyá ajá. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ máa ń dúró tàbí jókòó fún lọ́mú, tó jẹ́ pé ó ní láti nà kí ẹnu rẹ̀ tó tó o, ló sábà máa ń parí ẹ̀kọ́. Ọmọ tí ìyá sùn sílẹ̀ gbalaja fún, tó ń lá lọ́tùn-ún lósì, ló sábà máa ń já. (Mo sọ èyí fún ìyá kan tó ń bá wa tọ́ ọmọ ajá, ó ní òun mọ ilé tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí kì í ṣe ilé ajá.) Gbogbo ìwọ̀nyí, ìran àti títọ́, jẹ́ ìwé tó ti ya lára ajá ilé ààbò kẹ́ ẹ tó pàdé.

Ẹ má wá rò pé ọwọ́ àwọn tó ń sin ajá mọ́. Lọ́dún 2016, Eleanor Raffan àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Cambridge rí i pé lára nǹkan bí ọ̀kan nínú mẹ́rin ajá Labrador, apá kan ti já kúrò lára jíìnì (èròjà ìjogún inú ara) kan tí wọ́n ń pè ní POMC, tó wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ara mọ̀ pé òun ti yó. Láàárín Labrador tí wọ́n ń lò fún iṣẹ́ ìrànwọ́, bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin ló rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó jókòó ṣe ìpinnu rẹ̀. Oúnjẹ la fi ń kọ́ ajá, èyí tí ebi ń pa jù ló ń yára gbọ́, òun la ń yàn, òun la fi ń bímọ. Ebi la ń sìn, a rò pé ọgbọ́n ni. Ní 2024 ni wọ́n tún fi hàn pé irú ajá bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ ń lo agbára tó dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin nígbà tó bá ń sinmi, ìyẹn ni pé ebi ń pa á, ó tún ń tètè sanra. Ẹ wo ajá tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ tábìlì ibi tí wọ́n ti ń jẹun, tí itọ́ ń kán lẹ́nu rẹ̀, tí kò sì dìde nítorí pé ìjánu wà lára rẹ̀. Àwa la ṣe é bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ta ló gba ẹnu ajá náà sọ pé ó fẹ́, mi ò ní èsì kankan tó tẹ́ èmi fúnra mi lọ́rùn.

Ohun tí ilé ẹ̀kọ́ bá dá sílẹ̀ kì í sì í dúró nínú ọgbà rẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, Wally Conron ní ilé ẹ̀kọ́ afinimọ̀nà kan ní Ọsirélíà fi ajá poodle gun Labrador nítorí obìnrin afọ́jú kan tí irun ajá kì í bá ọkọ rẹ̀ lára mu. Èrò rere ni. Kò pẹ́ tí àwọn oníṣòwò fi gbé e, wọ́n ń fi ajá gun ajá láìyẹ ìbàdí wò, láìyẹ ojú wò, wọ́n ń tà á gọbọi. Conron fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé òun kábàámọ̀. Àwọn bẹ́ẹ̀ ni kí àbúrò yín bá jà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ ta ọmọ ajá ọlọ́sẹ̀ mẹ́jọ fún yín pé ajá ìrànwọ́ ni, ẹ yára kúrò níbẹ̀. Ọmọ ajá ni, kò tíì di nǹkan kan.

Iṣẹ́ wo wá ni ajá ilé ààbò ń ṣe dáadáa? Ti adití, lójú tèmi, ló ṣíwájú. Láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni àwọn ilé iṣẹ́ bíi Dogs for the Deaf ní Oregon (tó ti di Dogs for Better Lives báyìí) ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilé ààbò mú ajá láti sọ fún ẹni tí kò gbọ́ràn pé agogo ilẹ̀kùn ń dún, pé ọmọ ń ké, pé ohun tó ń kéde iná ń pariwo. Ajá kékeré tí kì í sinmi, tó jẹ́ pé bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ ní yàrá kejì ó ti dìde, àwọn èèyàn máa ń dá a padà sí ilé ààbò nítorí ìyọnu rẹ̀. Ìyọnu yẹn gan-an ni adití ń wá. Bí ó bá sì já, olówó rẹ̀ pàdánù ìró kan, ọkọ̀ kò gbá a. K9s For Warriors ní Florida náà ń mú ọ̀pọ̀ ajá rẹ̀ láti ilé ààbò fún àwọn tó ti ogun dé pẹ̀lú ọgbẹ́ ọkàn. Fún iṣẹ́ afinimọ̀nà tàbí fífa kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn, tó jẹ́ pé egungun àti ìbàlẹ̀ ọkàn ni gbogbo rẹ̀ dúró lé, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Kódà níbi iṣẹ́ tó bá wọn mu, ẹ ó wo ajá púpọ̀ kí ẹ tó mú ọ̀kan, ibi tí èyí tó já á gbà sì gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kí ẹ tó mú un jáde. Mo ti rí i tí wọ́n mú ajá jáde nínú àgò, tí wọ́n fi oṣù mẹ́rin fi ìfẹ́ hàn án, tí wọ́n sì dá a padà nítorí pé ó ń bẹ̀rù àtẹ̀gùn. Ó sàn kí wọ́n má mú un jáde rárá.

Ohun tó ń kọ mí lóminú jù nínú ìmọ̀ràn àbúrò yín nìyẹn. Ẹ ó gba ajá náà, ẹ ó fẹ́ràn rẹ̀, ẹ ó náwó sí ẹni kan ṣoṣo tó máa kọ́ ọ, oṣù á gorí oṣù, bó bá wá já ńkọ́? Ẹ̀rí ọkàn tó ń dà yín láàmú lónìí ni yóò sọ pé kí ẹ máa bá a sọdá bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹ ti gbà á là. Ajá tí wọ́n jù nù kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè iṣẹ́. Ilé ni wọ́n jẹ ẹ́. Bí àbúrò yín bá ní ọ̀kan tó wọ̀ ọ́ lójú, kó mú un lọ sílé ara rẹ̀, kí ó jẹ́ ajá ilé, kó máa sùn, kó máa ṣeré. Bí ẹ̀yin náà bá fẹ́ irú rẹ̀ nínú ilé yín, ẹ kọ́kọ́ bi ilé ẹ̀kọ́ léèrè, nítorí wọn kì í sábà fẹ́ kí ajá tuntun méjì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Mi ò mọ ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ forúkọ sí, nítorí náà mi ò lè bá yín jẹ́rìí sí i. Ẹ pè wọ́n, ẹ bi wọ́n pé mélòó nínú ọmọ tí wọ́n bí ló ń di afinimọ̀nà, ibo sì ni àwọn yòókù wà. Ẹ bi wọ́n pé ẹ̀ẹ̀melòó ni abo kan ń bímọ kí wọ́n tó fi í lọ́rùn sílẹ̀, àti ilé ta ló ń gbé láàárín ìgbà náà. Ẹ bi wọ́n ohun tí wọ́n ń ṣe nípa sísanra. Ẹ bi wọ́n ibi tí ajá ń lọ lọ́jọ́ tó bá fẹ̀yìn tì, bí ẹ̀yin kò bá lè tọ́jú rẹ̀ mọ́. Ilé ẹ̀kọ́ tó dáa kì í bínú sí irú ìbéèrè wọ̀nyí. Wọ́n ní ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí. Bí wọ́n bá ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré, tàbí tí wọ́n ní ẹni tó ń tọrọ kì í béèrè, ẹ wá ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, kódà bí ìlà ibẹ̀ bá gùn jù. Ní báyìí ná, ẹ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá funfun rìn, nígbà tí ojú yín ṣì ń rí díẹ̀. Ajá kì í mọ ibi tí ẹ ń lọ. Ẹ̀yin lẹ máa mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un pé ọ̀tún tàbí òsì, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kì í sì í fún ẹni tí kò tíì lè dá rìn ní ajá. Nígbà tí wọ́n bá wá wo bí ẹ ṣe ń rìn, ìyẹn ni wọ́n á kọ́kọ́ béèrè.